Ìyà Rẹ Dé

Ohùn obìnrin àgbàlagbà ni Dára àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Sadiq àti Wasila, ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ fíìmù ni wọ́n ní Tamale, ní Gánà. Olùkọ́ wọn ti ní ẹni tí àwọn ènìyàn bá wo tírélà fíìmù rẹ̀ jù lọ ni òun yóò yá ní kámẹ́rà láti fi ya odindi fíìmù. Fíìmù ẹ̀rù ni ti Dára: ilé kan ní àdúgbò Zogbeli tí àwọn Yorùbá fi sílẹ̀ lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba ní kí àlejò máa lọ, àti ohùn kan tó ń pe ọmọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ tó bá dáhùn, wọn kì í rí i mọ́.

Màmá Àgbà, ìyá bàbá Dára, ní òun á ṣe é.

"Ẹ̀rù ò ní bà yín?" Dára bèèrè.

"Ẹ̀rù kí ni? Lọ́dún yẹn, ìwọ lo wà ńbẹ̀ àbí èmi?"

Wọn kì í sọ̀rọ̀ ọdún yẹn nílé wọn. Súnkànmí, bàbá Dára, tí wọ́n bí lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò mọ bàbá tirẹ̀ àfi nínú fọ́tò kan.

Màmá Àgbà ló ní ẹnu ilẹ̀kùn ilé tiwọn ni kí wọ́n ti yà á. Ó jáde síta, ó fa ilẹ̀kùn dé. Ùsámà, orúkọ ọmọ inú fíìmù, ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé kó pè, ṣùgbọ́n kò pè é.

"Àjàgbé o," ló ń sọ. "Àjàgbé. Ṣílẹ̀kùn, ìyá rẹ dé."

Ó fi etí lé pákó ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ débi pé Sadiq rò pé ó ti gbàgbé iṣẹ́.

"Mo ra kúlíkúlí bọ̀," ó sọ níkẹyìn, wẹ́rẹ́.

Wasila ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ kúlíkúlí. "Kai! Ànjọ̀nú tó ń ta kúlíkúlí!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Sadiq gé kúlíkúlí kúrò. Wọ́n fi ìyókù sílẹ̀.

Dára ló kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ àwòrán. Ó ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ kò gbọ́ ọ délẹ̀. Màmá ni wọ́n ń pe gbogbo abiyamọ nílé wọn. Ìyà ni bàbá rẹ̀ fi máa ń halẹ̀ mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ pé ìyà ọmọ náà ti dé. Wasila ní kò tún sí orúkọ tó lè dára jùyẹn lọ fún fíìmù. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní *Ìyà Rẹ Dé* nìyẹn.

"Tírélà yín yìí," Màmá Àgbà bèèrè, "ṣé á dé Nàìjíríà?"

"Màmá, kì í ṣe tírélà akẹ́rù o. Fíìmù kékeré tí a fi ń polówó fíìmù ńlá ni."

"Mo gbọ́. Ṣé á dé bẹ̀?"

Ìpolówó wà lọ́wọ́ Wasila. Ohùn nìkan ló kọ́kọ́ tú sórí Wọ́ọ̀sáàpù, pẹ̀lú ìbéèrè kan: Ta ló ń pè? Nígbà tó yá, ó gbé tírélà jáde. Kò pẹ́ tó fi dé Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ sì ni ẹ̀sín ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ Gánà, ìyá ni, kì í ṣe ìyà!" Wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín.

Ojú ti Dára. Ó fẹ́ tún un kọ.

"Fi í sílẹ̀," Màmá Àgbà sọ. "Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe, wọ́n á dákẹ́."

Ládùúgbò, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Àfáà Abdul-Karim tó ń gbé lódìkejì wá bá Súnkànmí.

"Àwọn ọmọ mi kì í jẹ́ ìpè mọ́. Tí ìyá wọn bá pè wọ́n láti ìta, ṣe ni wọ́n á sá pamọ́. Ikú ló ń pe ènìyàn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Súnkànmí."

Súnkànmí ní kí wọ́n yọ fíìmù náà kúrò kíákíá.

"Ohùn mi ni," Màmá Àgbà sọ. "Kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́."

Láti ìgbà náà, ẹnu ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí. Kì í jẹun dáadáa. Kò jẹ́ kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn, àní nígbà tí eruku ọyẹ́ ń wọlé. Nígbà mìíràn, Dára á gbọ́ tó ń pe Àjàgbé lábẹ́nu. Tírélà wọn ló wà níwájú gbogbo ti ẹgbẹ́ wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìdájọ́ olùkọ́ wọn, Dára mú fóònù, ó ní kí kámẹ́rà máa lọ, òun á yọ tírélà náà nítorí Màmá Àgbà.

Ìka rẹ̀ ò tíì kan ojú fóònù tí ẹnì kan fi kanlẹ̀kùn.

"Ẹ má dáhùn," Súnkànmí sọ, bí ẹni pé òun náà ti di ọmọdé.

Màmá Àgbà ti dìde. "Ta ni?"

"Àjàgbé ni, ìyá mi," ohùn arúgbó ọkùnrin kan dáhùn láti ìta, "bàbá ti fi lọ́rì gbé mi lọ sí Nàìjíríà kí ẹ tó ti ọjà dé, ṣé ẹ rí kúlíkúlí mi rà bọ̀?"