Ta Ni Ojú Títì?

Ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ayọ̀ọlá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà káńsù, ó sì ka ohun tí ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ojú Títì kọ sórí Fesibúùkù. Pákó mẹ́ta ti ṣẹ́ lára afárá kékeré tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbà kọjá lẹ́yìn Ìyànà Ìbà. Fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀. Lábẹ́ fọ́tò náà, ó kọ ọ́ pé: "Ṣé dìgbà tí ọmọ kan bá já sómi ni káńsù yóò tó mọ ọ̀nà ibẹ̀?" Àwọn èèyàn ti ń pín in kiri láti òru.

Iṣẹ́ Ayọ̀ọlá ni láti máa dá àwọn ará ìlú lóhùn lórúkọ káńsù. Wọn ò tíì gbà á síṣẹ́ tán. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń sún un síwájú. Láàárín ọdún kan àbọ̀, ó ti kọ "A ti gbọ́ ẹ̀sùn yín, a ó sì wá nǹkan ṣe sí i" títí ó fi ń kọ ọ́ lójú àlá.

Ọ̀gá Mùsílíù, olórí ẹ̀ka ìròyìn, wọlé, ó sì fi fìlà rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìn tì.

"Kí làwọn èèyàn wí sí i?" ó béèrè.

"Èébú ni, sà. Ṣé kí n kúkú bílọ́ọ̀kù Ojú Títì yìí?"

"Rárá o. Dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀."

Ó bá a ka èsì náà kí wọ́n tó gbé e jáde, ó sì fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ méjì tí Ayọ̀ọlá gbàgbé láti fi í sí. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ lẹ́tà mẹ́fà sí òkè nípa afárá yẹn. Ẹ̀dà wọn wà nínú fáìlì. Ẹnikẹ́ni ò fèsì sí ọ̀kankan.

Lọ́sàn-án, Adédàmọ́lá, akọ̀wé alága káńsù, wá sí yàrá wọn. Kò jókòó.

"Alága fẹ́ orúkọ ẹni yìí kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Yorùbá rẹ̀ jọ ti tíṣà. Wọ́n ní bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí Fesibúùkù ò bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń tì í lẹ́yìn." Ó yíjú sí Ayọ̀ọlá. "Ìwé ìgbanisíṣẹ́ tìẹ ṣì wà lórí tábìlì alága, àbí?"

Lọ́jọ́ kejì, Ayọ̀ọlá wọkọ̀ lọ sí Okokomaiko. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe, Fọlọ́runṣọ́ lorúkọ rẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ yin ohunkóhun tí Ojú Títì bá gbé jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé ẹ̀yin ni Ojú Títì?"

Fọlọ́runṣọ́ rẹ́rìn-ín, kò gbójú kúrò lára fóònù tó tú sílẹ̀. "Sísítà, èmi tí ìwé ò yé! Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi lẹni yẹn, bí mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bẹ káńsù pé kí wọ́n bo gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi yìí. Ìyàwó mi ṣubú sí i pẹ̀lú oyún. Ojú Títì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n bò ó láàárín ọjọ́ mẹ́jọ."

Ayọ̀ọlá dúpẹ́, ó sì padà. Ọjọ́rú kọjá, Ọjọ́bọ̀ kọjá, kò rí ẹlòmíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó kọ orúkọ Fọlọ́runṣọ́ sórí bébà, ó sì gbé e fún Ọ̀gá Mùsílíù. Ọ̀gá kà á.

"Ó dá ọ lójú pé òun ni?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n orúkọ ni wọ́n ń béèrè. Ó ti rẹ̀ mí, sà."

"Ó rẹ èmi náà." Ó ká bébà náà, ó tì í bọ àpò. "Ọlọ́pàá ni wọ́n máa fi mú un. Jókòó síbí."

Ó gun òkè lọ sí ọ́fíìsì alága. Ó lò tó wákàtí kan. Nígbà tó dé, ẹ̀wù rẹ̀ ti rin fún òógùn. Ó ti fọwọ́ sí ìwé pé òun ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀ tí wọn ò fi rí ẹni náà, pé kò kan Ayọ̀ọlá. Wọ́n gbà, wọ́n sì fagi lé ayẹyẹ ìdágbére tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ọ̀gá náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ kó sìmẹ́ńtì lọ sẹ́yìn Ìyànà Ìbà. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́, alága dúró lórí afárá tuntun, Ayọ̀ọlá ya fọ́tò rẹ̀, ó sì gbé e sórí Fesibúùkù káńsù. Ojú Títì kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ ṣeun."

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Mùsílíù lò kẹ́yìn, Ayọ̀ọlá ra mọ́ọ̀tì àti bisikíìtì. Àwọn méjèèjì jọ jẹ, wọ́n jọ mu.

"Ó wá ku èmi àti Ojú Títì nìyẹn, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ọ̀gá wí. Ó mú fìlà rẹ̀, ó sì na àpòòwé kan sí i. "Páàsìwọ́ọ̀dù gbogbo ibi tí mò ń bójú tó nìyí. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà báyìí. Ó dàbọ̀ o."

Ìgbà tí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ tán ni Ayọ̀ọlá tó tú u, ó sì rí i pé ibi mẹ́rin ni ọ̀gá rẹ̀ ń bójú tó: Fesibúùkù káńsù, Íńsítágíráàmù káńsù, Túwítà káńsù, àti Ojú Títì.