Bébà Òfìfo

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni àwọn àwo àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bí èyíkéyìí nínú ẹbu tí Ìyá Aláró sè ò bá pa kòkòrò àrùn, ọ̀gá ti ní kó kó ẹrù ẹ̀ kúrò ní yàrá àyẹ̀wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ẹ̀, nílé, ìyá ẹ̀ ti ń pè é ní dókítà létí gbogbo àdúgbò.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń lo tábìlì ló sọ ọ́ ní Ìyá Aláró, torí ọwọ́ ẹ̀ kì í bọ́ nínú àwọ̀. Ó ti se èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Ṣíìfù, ó wá fi bàbà, kóbáàtì àti níkẹ́lì sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó di ẹbu mẹ́ta. Ẹ̀rọ ti jẹ́rìí pé irin kọ̀ọ̀kan dì mọ́ ọn. Ó ku kòkòrò.

Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló fi òwú gbé kòkòrò ọ̀hún wá láti ojú egbò kan. "Kò gbọ́ oògùn kankan," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n." Òun ni Ìyá Aláró fi ra ojú àwọn àwo náà lánàá.

"Ìyá Aláró, ṣé aró ti mú?" ọ̀rẹ́ ẹ̀ bi í.

Ìyá Aláró ṣí àpótí tó ń mú àwo gbóná. Ó gbé àwo jáde. Yíká bébà róbótó tó rẹ sínú ẹbu bàbà, ojú àwo mọ́ kedere. Kòkòrò kankan ò hù níbẹ̀. Inú ẹ̀ dùn. Ó wá ṣí àwo kékeré tó gbé bébà òfìfo sí, èyí tó kàn rẹ sínú sípíríìtì tó fi yọ́ ẹbu, láìsí ẹbu rárá. Ojú tiẹ̀ náà mọ́, bákan náà gẹ́lẹ́. Àṣé sípíríìtì ló pa kòkòrò.

Ẹbu bàbà ló ṣorí kunkun lánàá, kò fẹ́ yọ́, lòun náà bá ń da sípíríìtì lé e.

Bàtà ọ̀gá ń bọ̀ lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan ń dún ju èkejì lọ. Ìyá Aláró ju àwo kékeré náà sínú garawa apakòkòrò.

Lọ́fíńdà ọ̀gá ló kọ́kọ́ wọlé. Síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ń gbálẹ̀. Ọ̀rẹ́ Ìyá Aláró fa àga fún un.

"Mi ò ní jókòó." Ó fara ti tábìlì. "Ó dáa, kí lo rí?"

"Bàbà ṣiṣẹ́, Mà."

Ọ̀gá wo àwo náà títí. Ó gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. "Bébà òfìfo ńkọ́?"

"Kò pa nǹkan kan, Mà. Mo ti sọ ọ́ nù."

"Wo ojú mi. Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Mà."

"O ṣeun, ọmọ mi." Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Dá ẹrù ẹ padà sáyè ẹ̀."

Láti ojú gíláàsì ẹnu ọ̀nà, Ìyá Aláró rí i tí ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ká síkẹ́ẹ̀tì kúrò lórí báńdéèjì tí wọ́n wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kan láti ọrùn ẹsẹ̀ dé orúnkún, ó sì gbọ́ tó ń sọ sínú fóònù pé, "Dókítà, ẹ má gé ẹsẹ̀ náà lọ́la mọ́, a ti rí ohun tó ń pa kòkòrò ojú egbò mi."