Igbe Méje Láti Orí Òkè

Àlọ́ mi gun òkè, ó bá Àkùkọ níbẹ̀. Ìran Àkùkọ nìkan ló ń ké ìkìlọ̀ láti òkè dé òkè, torí àwọn nìkan ló mọ iye igbe tó wà fún ewu kọ̀ọ̀kan. Bí Ọ̀pọ̀lọ́ bá ní òun náà lóhùn, Àkùkọ á ní, "Lọ jókòó sínú ẹrẹ̀ rẹ, jàre!"

Lọ́jọ́ kan, òtútù mú Àkùkọ, ohùn rẹ̀ há. Ọjọ́ náà gan-an ni igbe dé láti òkè òdìkejì pé odò ti kún, ó ń bọ̀. Ìyàwó Àkùkọ àtàwọn ọmọ wà ní ìsàlẹ̀ létí odò. Àkùkọ lanu, kò dún. Ó yíjú sí Ọ̀pọ̀lọ́ tó wà nítòsí.

"Ọ̀pọ̀lọ́, jọ̀ọ́, bá mi ké!"

"Èmi ẹlẹ́rẹ̀?"

"Má bínú, ọ̀rẹ́ mi."

"Ìgbà mélòó ni kí n ké?"

Àkùkọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àṣírí ìdílé ni. Ó mí kanlẹ̀. "Méje ni tomi."

Ọ̀pọ̀lọ́ ké e nígbà méje. Nísàlẹ̀, ìyàwó Àkùkọ ní, "Ohùn Ọ̀pọ̀lọ́ nìyí, àmọ́ àmì ilé wa ni. Ẹ̀yin ọmọ, ó yá!" Wọ́n gun òkè kí omi tó dé.

Lọ́jọ́ kejì, Àkùkọ pe gbogbo ẹranko, ó fi ohùn híhá kọ́ wọn lórin:

Mẹ́ta ni tiná o.
*Ẹ gbéra!*
Méje ni tomi o.
*Ẹ gbéra!*
Ẹni yòówù kó ké e.
*Ẹ gbéra!*

Ó rí Ìgbín láàárín wọn. "Ìwọ tí o kò lóhùn, kí lo wá kọ́?"

"Bàbá, mo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ igbe náà ni. Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbéra."