Àwòrán Omi Tó Mọ́ Gaara

Dókítà Ògúntádé tún dá àwòrán náà padà. Kòfowórọlá ti kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó káwọ́ lérí.

Iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣòroó sọ. Dókítà àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Yàbá ti ṣe àwọ̀n kan tí ihò ara rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Bí wọ́n bá da omi tó ní òjé, irin olóró nì, sí i, òjé á há, omi á kọjá. Ìwé àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì lókè òkun fẹ́ gbé e jáde, àwòrán Kòfowórọlá ni yóò wà lára èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, bó bá lè dé kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń ya ìpolówó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù Pápá Àjàó. Ó ti sú u.

"Ẹ tún ti ya òjé ní dúdú, Àǹtí," Dókítà wí lórí fóònù. "Kì í hàn. Omi náà mọ́ gaara. Ẹni tó ń mu ún ò mọ nǹkan kan."

"Ohun tí kò hàn, báwo ni mo ṣe fẹ́ yà á, sà?"

"Ẹ ṣáà yà á."

"Ẹ ṣáà yà á!" Kòfowórọlá sín in jẹ bí fóònù ti kú. "Kó wá yà á fúnra ẹ̀ náà!"

Màmá rẹ̀ gbé korobá wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Jael, ọmọ Kòfowórọlá, tún di inú mú, ó ń sunkún. Màmá ju álọ́ọ̀mù sínú omi, ó dúró kó tòrò, ó bu ife kan fún un.

"Omi lásán ló ń dà ẹ́ láàmú báyìí?" ni Màmá wí. "Ya omi wa. Ta ni ò fẹ́ràn ẹ̀? Àwọn tá ò mọ̀ rí gan-an ń fi ìgò bù ú lọ. A kì í fi omi du èèyàn."

Inú bí Kòfowórọlá. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sójú fèrèsé, ó ya kànga ẹ̀yìnkùlé bó ti rí: ẹnu rẹ̀ tó sán, táyà lọ́rì tí wọ́n fi yí i ká, igi ìbẹ́pẹ tó tẹ̀ sórí rẹ̀. Èéfín àwọn tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ lẹ́yìn ògiri ta á lójú. Ó nu ojú, ó ń yà lọ. Ó na àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ omi, kò fi dúdú kankan sí i. Ó fi ránṣẹ́. Bí ọkùnrin yẹn bá tún kọ̀ ọ́, kó wá ẹlòmíì.

Fóònù dún kí Jael tó mu omi rẹ̀ tán.

"Èyí gan-an ni!" Ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu Dókítà. "Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn."

Kòfowórọlá fò mọ́ Màmá lọ́rùn, Dókítà ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ọmọ iṣẹ́ mi tó lọ bu omi olójé tá a fi dán àwọ̀n náà wò wá ló fi fọ́tò kànga náà hàn yín, àbí?"