Fáànù Tí Kò Gbóògùn

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, fáànù tó wà nínú kọ̀ǹpútà bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata.

Ogójì ọdún ni bàbá fi tún aago ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ọdún mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò ṣe iṣẹ́ mìíràn ju ìwé tó ń kọ nípa àwọn aago tó ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láàárọ̀, á máa fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, kì í gbọ́ ju "o ṣé" àti "ó dàárọ̀" lẹ́nu rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Lọ́jọ́ yìí, bàbá di etí méjèèjì. "Ìwọ tó o ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, o ò lè pa á lẹ́nu mọ́?"

"Bàbá, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹ̀ là ń kọ níbi iṣẹ́ wa. Mi ò mọ nǹkan kan nípa irin inú ẹ̀. Àmọ́ mo mọ ẹnì kan."

Ẹni náà ni obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà kejì. Opó ni, ó lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn. Àǹtí Oníkọ̀ǹpútà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Aago mẹ́wàá ló dé. Ó kọ́kọ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ló ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eruku tó wà níbẹ̀ tó láti kún ìrọ̀rí.

"Ọ̀gá Aláago, ìgbà wo lẹ nu inú ẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Wọ́n ń nu inú ẹ̀ ni?"

Obìnrin náà fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku jáde. "Bí inú ẹ̀ bá ti gbóná, fáànù á máa sáré kó lè tù ú. Bó bá ti ń sáré, á máa pariwo. Kò yàtọ̀ sí èmi nígbà tí mo ṣì nílé ọkọ."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ní kíṣìnnì, ọmọ rẹ̀ dá ọwọ́ dúró lórí àwo tó ń fọ̀.

Wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà padà, ó dákẹ́ lọ gbári. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún fi igbe ta. Àǹtí Oníkọ̀ǹpútà dé, ó rí i pé nọ́ọ̀tì tó di fáànù mú ti tú díẹ̀. Ó dè é. Ní Sátidé kẹta, wáyà kan ló yà lọ́nà, tó ń kan abẹ́ fáànù. Ó tò ó padà. Ní Sátidé kẹrin, ó gbé fáànù tuntun wá.

"Bí eléyìí bá ké, ẹ má pè mí ní Oníkọ̀ǹpútà mọ́."

Ní Sátidé karùn-ún, eléyìí ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá kò dákẹ́ àròyé. "Àbí kí n gbé e jù sí ààtàn ni?" Ṣùgbọ́n ó ti gé irùngbọ̀n tó ti ń dá sí láti ọdún mẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù wà. Bí obìnrin náà bá tún fáànù ṣe tán, bàbá á ka ìwé rẹ̀ sí i létí. Kì í kúrò nílé wọn mọ́ títí aago méjì ọ̀sán.

Ní Sátidé keje, Àǹtí Oníkọ̀ǹpútà nu ọwọ́ rẹ̀ nù, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá ẹlòmíì, Ọ̀gá Aláago. Ojú ń tì mí. Bóyá ọwọ́ mi ni ò ríṣẹ́ ṣe mọ́."

"Ẹlòmíì kẹ̀? Aago kan wà tí mo tún ṣe lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ẹni tó ni í ò sá fún mi."

"Ẹ má bínú sà. Mi ò ní padà wá."

Láti ọjọ́ náà, bàbá padà sórí "o ṣé" àti "ó dàárọ̀". Ní Fúráìdé, bí ọmọ rẹ̀ ṣe jáde níbi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Oníkọ̀ǹpútà ló gbà lọ. Kò tíì jókòó tó fi kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Mo kọ ètò kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà bàbá, tó ń kó iṣẹ́ lé e lórí ní gbogbo Sátidé, kí fáànù lè máa ké. Mo ti ń rí bí ẹ ṣe ń pa àwọn oníbàárà yín lẹ́rìn-ín níbí. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé."

Àǹtí Oníkọ̀ǹpútà fà á dìde. "Mo rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n tó ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Orúkọ ẹ wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ojú tì ẹ́, ni mo bá pa á rẹ́."

"Ẹ pa á rẹ́? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń wò ó bóyá o tún kọ òmíì. Mi ò rí nǹkan kan."

"Mi ò kọ òmíì mà. Mo rò pé àkọ́kọ́ yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn ńkọ́?"

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi dè wọ́n."

Wọ́n wo ara wọn. Obìnrin náà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, wọ́n sì jọ mú ọ̀nà ilé pọ̀n.

Nígbà tí wọ́n rọra ṣílẹ̀kùn, bàbá wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń súfèé, ó sì ń tú nọ́ọ̀tì fáànù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọ̀la ni Sátidé.