Àjẹ́ Tí Ara Kò Yún

Ẹ gbà mí o, ará Ìkọ̀yà!

Gbogbo ilé wa ló ń họra. Dominic ọmọ mi ń họ ìdí níwájú àlejò. Charity ìyàwó rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn ra ògiri bí ewúrẹ́.

Ojoojúmọ́ ni Wòlíì ń bọ́ sùtánà rẹ̀ bò wọ́n, tó ń gbàdúrà.

Lónìí ó ní, "Ẹni tí ara kò yún nínú ilé yìí, òun ni àjẹ́."

Èmi nìkan ni.

Dominic ń di ẹrù mi. "Iye, ẹ máa lọ sí ìlú yín, Òde-Ayé."

Nọ́ọ̀sì àdúgbò wọlé, ó yẹ ara wọn wò. "Ìfọ́n ni. Kòkòrò ló ń fà á, aṣọ ló ń gbé e kiri. Aṣọ ta ni ẹ jọ ń bora?"

Wòlíì fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n abíyá ló ń họ.

Èmi kọ sùtánà yẹn ní tèmi. Ó ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi títí ó fi kan, láti fi ṣe oúnjẹ púpúrú.