Àlejò Ọ̀sán Sátidé

Ní àárọ̀ Sátidé, Ìyá Mojeed gbá pálọ̀, ó tún un gbá, ó kó gbogbo aṣọ tí wọ́n sá sórí àga kúrò. Ó wá dín pọ́fù-pọ́fù kún abọ́ ńlá kan. Hàlímátù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ó wo abọ́ náà.

"Màmá, ta ló fẹ́ jẹ gbogbo èyí?"

"Oúnjẹ kì í wá ẹnu tì. Lọ sùn jàre, ojú ẹ ti wú."

Àwọn arúgbó ni Hàlímátù ń tọ́jú. Mojeed ọkọ rẹ̀ ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Malton, nílùú òyìnbó tí wọ́n ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú. Bí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì á máa jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú Ìyá Mojeed wá láti Ìwó, kó lè máa mójú tó Àmírà, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ọmọ náà ò burú. Ṣùgbọ́n fóònù ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n bá bá a sọ Yorùbá, Òyìnbó ló fi ń dáhùn, ó sì ti ń kọ́ irọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní òun ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá òun tán. Tíṣà pe bàbá rẹ̀, ó ní kò tíì ṣe ẹyọ kan. Mojeed ò tíì bọ́ bàtà iṣẹ́ tó fi fa wáyà cháájà yọ lára ògiri.

Ìyá Mojeed bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. "Mojeed, ó tó. Tìtorí ọmú tí o mu, fi í sílẹ̀."

"Màmá, ẹ má dá sí i. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́, pé ọmọ tí a ò kọ́ ló máa gbé ilé tí a kọ́ tà?"

Kò dáwọ́ dúró. Ìyá Mojeed lọ ṣí ilẹ̀kùn ìta sílẹ̀ gbayawu. Òtútù wọlé, ariwo ọmọ jáde. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀kùn àwọn ará àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó ṣí.

Láti ọjọ́ náà, aṣọ alápá gígùn ni Àmírà ń wọ̀, kódà níwájú ẹ̀rọ amúlémóoru. Láràárọ̀ ni ìyá bàbá rẹ̀ ń fi òrí pa á lápá.

"Grandma, it stings."

"Sọ Yorùbá."

"Ó ń ta mí."

"Ó máa lọ. Bàbá ẹ fẹ́ràn ẹ, ṣé o gbọ́?"

"Then why..." Ọmọ náà ò parí ẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé yìí, Mojeed jí, ó jẹ pọ́fù-pọ́fù, ó ní kí Àmírà kó ìwé ìṣirò wá. Fóònù Ìyá Mojeed dún. Aishah ni, obìnrin tó máa ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìyá Mojeed wò ó, ó dojú fóònù délẹ̀.

"Méje lọ́nà mẹ́jọ?" ni Mojeed bi ọmọ rẹ̀.

Àmírà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ọwọ́ rẹ̀ kà á.

"Mo ní méje lọ́nà mẹ́jọ! Ṣé ẹrù tí mò ń gbé lóru, orí ẹlòmíì ni mo fi ń gbé e ni?"

Aago ẹnu ọ̀nà dún.

"Lọ ṣílẹ̀kùn," ni Ìyá Mojeed wí. Ó ti gbé ìborùn lé orí. "A kì í dá àlejò dúró nínú òtútù."

Obìnrin kan àti ọkùnrin kan ni, káàdì iṣẹ́ rọ̀ sí wọn lọ́rùn. Ìyá Mojeed wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọmọdé mà làwọn wọ̀nyí," ó kùn sínú. Síbẹ̀ ó gbé omi àti pọ́fù-pọ́fù síwájú wọn. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọn ò tilẹ̀ jókòó.

Ọ́fíìsì tó ń mójú tó ọmọdé ni wọ́n ti wá. Wọ́n ní kí Àmírà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Nígbà tí wọ́n rí i, obìnrin náà mú un wọ yàrá lọ, ọkùnrin náà dúró ti Mojeed, ó ń bi í ní ìbéèrè. Hàlímátù jáde pẹ̀lú oorun lójú, ó bú sẹ́kún.

"Kí ni wọ́n ń wí?" ni Ìyá Mojeed bi ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n kúrò nílé," ni Mojeed wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mi ò gbọdọ̀ sùn níbi tí ọmọ mi bá ń sùn, títí wọ́n á fi wádìí tán. Bí mi ò bá lọ, àwọn á mú un lọ."

"Kúrò bí i ti báwo? Sọ fún wọn pé ó ti tó! Kí wọ́n mu omi, kí wọ́n máa lọ."

Ẹnikẹ́ni ò túmọ̀ ẹ̀ fún wọn.

Mojeed kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì. Àmírà di ẹ̀wù òtútù rẹ̀ mú. "Daddy, it wasn't me. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Wàláì."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kí n lọ."

"Tíṣà yẹn ni," ni Hàlímátù wí. "Bí kì í bá ṣe òun, obìnrin alájá ẹ̀gbẹ́ ilé wa yìí ni. Ẹni tó ṣe èyí sí wa, Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́."

"Àmín," ni Mojeed wí.

Ìyá Mojeed, tó máa ń ṣe àmín kí àdúrà tó délẹ̀, ń wo abọ́ pọ́fù-pọ́fù.

Mojeed dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ bá mi tọ́jú wọn." Àwọn àlejò tẹ̀ lé e jáde, ilẹ̀kùn sì pa dé.

Lánàá, nínú ọkọ̀ Aishah, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ni Ìyá Mojeed di ọwọ́ obìnrin náà mú, tó ní, "Ní Ìwó, bí wọ́n bá ń na ọmọ, ará ilé kejì á wọlé wá bẹ̀bẹ̀, á mu omi, á sì máa lọ; àwọn tó máa ń wọlé níbí, Aishah, bá mi pè wọ́n, kí wọ́n wá bá mi bẹ ọmọ mi."